Mọ́ínmọ́ín Ìyá Mi ní Thamesmead

Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Woolwich ní àárọ̀ Sátidé, tí ẹ sì rìn dé ọjà Beresford Square, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ Yorùbá kí ẹ tó rí ẹni tó ń sọ ọ́. “Ẹ bá mi dín in kù, ẹ jọ̀ọ́.” “Èló lẹ fẹ́ san, mà?” Iwájú ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ilé-iṣẹ́ ohun ìjà tí wọ́n ń pè ní Royal Arsenal ni ọjà náà wà. Iṣẹ́ ohun ìjà ibẹ̀ kógbá wọlé ní ọdún 1967, ṣùgbọ́n ọjà kò tú. Òpópónà Powis Street wà nítòsí. Ibẹ̀ ni McDonald's ti ṣí ilé oúnjẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1974. Lónìí, ẹni tó bá kọjá níwájú ibẹ̀ lè rìn díẹ̀ sí i kó sì ra èlùbọ́, gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀gúsí, irú àti pọ̀nmọ́.

Láti Woolwich, bọ́ọ̀sì yóò gbé yín dé Thamesmead. Orí àbàtà Plumstead àti ti Erith ni Greater London Council, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, kọ́ ọ sí. Àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ wọlé ní ọdún 1968. Nítorí ìbẹ̀rù omíyalé, púpọ̀ nínú àwọn ilé àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kò ní yàrá ní ìsàlẹ̀ rárá: ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ìsàlẹ̀, òkè ni àwọn èèyàn ń gbé. Ilé ìdáná ìyá mi wà lókè bẹ́ẹ̀. Láti ojú fèrèsé rẹ̀, ẹ ó rí omi adágún àti àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín nínú ẹ̀kọ́ yìí: bí oúnjẹ ìdílé ṣe ń gbé ìrántí, àti ìdí tí ìrántí náà fi sábà máa ń wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nígbà tí a bá ń se é.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo bẹ ìyá mi pé kí wọ́n sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń se mọ́ínmọ́ín wọn, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀. (Ẹ ṣàkíyèsí pé “wọ́n” ni mo ń lò fún ìyá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. Bí ọmọ Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àgbà nìyẹn.) Mo mú bírò dání. Mo bi wọ́n pé, “Mà mi, ẹ̀wà mélòó?”

Wọ́n ní, “Èyí tó bá tó.”

“Ata ńkọ́?”

“Títí ojú á fi rí i pé ó pọ́n.”

“Epo?”

“O ò mọ epo ni?”

Bírò mi ò rí nǹkan kan kọ. Ẹ má rò pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ fún mi o. Ní ilé tí wọ́n ti dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí òṣùwọ̀n kankan. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà lọ́jà, agolo mílíìkì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n nílé, ẹ̀kúnwọ́ ni wọ́n fi ń wọn edé, orí ìka mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń wọn iyọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ ìyá mi kì í sì í ṣe ẹ̀kúnwọ́ tèmi. Ọwọ́ tèmi tóbi ju tiwọn lọ.

Nítorí náà mo dá ọgbọ́n. Mo ra òṣùwọ̀n kékeré kan, mo gbé e sábẹ́ abọ́, mo sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti ń da nǹkan kọ̀ọ̀kan sí i. Ẹ̀wà gbígbẹ jẹ́ gíráàmù 500. Tàtàṣé méjì, ata rodo mẹ́ta, àlùbọ́sà ńlá kan, òróró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ife tíì kan. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ṣé oògùn lò ń wọ̀n ni?”

Nígbà tí a tún se é lóṣù kejì, mo tún wọ̀n ọ́n. Iye omi yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nílé ìtajà kì í mu omi bíi ẹ̀wà tuntun, tàtàṣé kan sì lè tóbi tó méjì. Ìyá mi kò wo ife rárá. Ẹ̀yìn ṣíbí ni wọ́n ń wò: wọ́n á bu ẹ̀wà lílọ̀ náà sókè, wọ́n á jẹ́ kó máa kán padà, wọ́n á sì mọ̀. Bí ó bá ki jù, mọ́ínmọ́ín yóò le bí òkúta. Bí ó bá ṣàn jù, kò ní dì, àwo ni ẹ ó fi máa bù ú mu. Àárín méjèèjì yìí ni òye wọn wà, n kò sì mọ nọ́ńbà tí mo lè kọ fún un.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà báyìí, nítorí pé àwọn ni mo padà rí kọ sílẹ̀. Wọ́n rẹ ẹ̀wà sómi. Wọ́n bó o, wọ́n ṣàn án títí èèpo fi tán lójú omi. Wọ́n lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata. Wọ́n pò ó. Wọ́n pọ́n ọn sínú ewé. Wọ́n tò ó sínú ìkòkò. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan fún iṣẹ́ kan. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo gbogbo iṣẹ́ ilé ìdáná mọ́lẹ̀: à ń se ìrẹsì, à ń dín àkàrà, à ń sun iṣu, à ń yan ẹja, à ń bọ àgbàdo, à ń ro àmàlà, à ń tẹ ẹ̀bà, à ń gún iyán. Bí ẹ bá sọ fún ìyá àgbàlagbà kan pé ẹ “dín iyán” lánàá, ẹ ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ohùn wọn náà ṣe pàtàkì. Nígbà tí ó bá dá dúró, sè ni ọ̀rọ̀ ìṣe náà, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀lé e, ohùn ìsàlẹ̀ náà á di ohùn àárín: se ọbẹ̀, ro àmàlà, tẹ ẹ̀bà. Bí ó bá jẹ́ arọ́pò orúkọ ló tẹ̀lé e, ohùn ìsàlẹ̀ á dúró: sè é, rò ó, tẹ̀ ẹ́. Ẹ ka ìpínrọ̀ tó ṣáájú sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí mo kàn ń béèrè iye, ìyá mi ò rí nǹkan sọ. Nígbà tí mo ní, “Ta ló máa ń bó ẹ̀wà nílé yín?” ẹnu wọn là. Àwọn ọmọdé ló máa ń bó o, nítorí pé iṣẹ́ náà ń gba àkókò, ọwọ́ ọmọdé ò sì wọ́n. Bàbá wọn kì í jẹ mọ́ínmọ́ín tí èèpo bá wà nínú rẹ̀. Èèpo kan ṣoṣo, wọ́n á dá àwo padà. Lílọ̀ ńkọ́? Orí ọlọ ni ìyá àgbà ti ń lọ ata. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìlọta dé àdúgbò, gbogbo ilé ń gbé abọ́ lọ síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tò dúró de ẹ̀rọ yẹn ni ìyá mi ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹnì kan ní àdúgbò ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kì bá má gbọ́ ìtàn yìí láé ká ní gíráàmù nìkan ni mo ń bi wọ́n.

Kí ẹ tó lọ síwájú, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo Yorùbá ló ń pè é ní mọ́ínmọ́ín. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀lẹ̀, àwọn mìíràn ń pè é ní ọ̀lẹ̀lẹ̀. Orúkọ kejì yìí wà lẹ́nu àwọn Krio ní Sàró títí di òní, nítorí pé ọ̀pọ̀ Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown. Èyí tí wọ́n bá sì kó oríṣiríṣi nǹkan sínú rẹ̀, ẹyin sísè, ẹja, edé àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n ń pè ní mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje. Mo ti ka ohun tó wà nínú ti ìyá mi. Ẹ̀mí mẹ́rin péré ni.

Ó kan ọ̀rọ̀ ewé báyìí, ibẹ̀ sì ni ìjà wa wà. Ewé eéran ni wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Wọ́n á ká ewé méjì pọ̀ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè mú ṣónṣó, wọ́n á ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà jò, wọ́n á bu ẹ̀wà lílọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á pa ẹnu rẹ̀ dé. Wọ́n á fi igi ewé náà tẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò kí mọ́ínmọ́ín má baà kan iná tààrà. Ewé yìí ń fún un ní òórùn kan tí kò jọ ti nǹkan mìíràn. Ní Thamesmead, ewé eéran wọ́n. Ẹ lè rí i nígbà mìíràn nílé ìtajà ní Plumstead, pẹ̀lú owó gọbọi, kó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Nítorí náà, agolo, ike àti fóìlì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń lò. Àbúrò mi ọkùnrin sọ pé kò sí ìyàtọ̀. Ìyá mi sọ pé ohun tó ń jẹ yẹn, ẹ̀wà inú agolo ni.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa ewé yìí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Thaumatococcus daniellii. Dókítà ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Freeman Daniell, ló kọ̀wé nípa èso rẹ̀ ní ọdún 1855, nítorí pé èso náà dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po lọ́nà tí kò ṣeé gbàgbọ́. Ohun tó ń mú un dùn ni wọ́n ń pè ní thaumatin. Ilé-iṣẹ́ Tate & Lyle sọ ọ́ di ọjà pẹ̀lú orúkọ Talin, wọ́n sì ń fi í sínú ṣingọ́ọ̀mù àti àwọn nǹkan dídùn mìíràn; E957 ni nọ́ńbà rẹ̀ lára páálí. Ilé-iṣẹ́ Tate & Lyle tó ń fọ ṣúgà wà ní Silvertown, ní òdìkejì odò Thames. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi ọ̀fẹ́ ní Woolwich, ẹ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, apá ibẹ̀ ni ẹ ń wò yẹn. Èso ewéko wa ti dé Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ìyá mi ṣì ń wá ewé rẹ̀ kiri Plumstead.

Ẹ̀wà náà yí padà. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí pé wọ́n bá dichlorvos, oògùn apakòkòrò kan, nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú àjọ náà nígbà yẹn. Ẹ̀wà láti orílẹ̀-èdè mìíràn ni ìyá mi wá ń rà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sè é, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní, “Ẹ̀wà yìí ò mọ̀ mí.”

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín nìkan ni. Aládùúgbò wọn kan, ọmọ Èkó láti ìdílé Àgùdà, máa ń gbé abọ́ kan wá fún wọn lọ́dọọdún ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde. Frejon ló máa ń wà nínú rẹ̀: ẹ̀wà tí wọ́n sè rọ̀ pátápátá, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì fi omi àgbọn sè títí ó fi ki. Wọ́n ń fi ẹja àti ọbẹ̀ ata jẹ ẹ́, nítorí pé àwọn Àgùdà kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú feijão, ọ̀rọ̀ Potogí fún ẹ̀wà. Àwọn baba ńlá Àgùdà jẹ́ èèyàn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, tàbí ọmọ irú àwọn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n padà sí Èkó láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí àdúgbò tí à ń pè ní Pópó Àgùdà. Wọ́n kó ẹ̀sìn, iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti oúnjẹ bọ̀. Ẹ wá fojú inú wò ó: oúnjẹ kan tó ti gba Bùràsíìlì dé Èkó, tó sì wá gun àtẹ̀gùn lọ sí ilé ìdáná kan ní Thamesmead.

Ọ̀nà náà lọ síhìn-ín, ó sì lọ sọ́hùn-ún. Àkàrà tiwa lọ sí Bahia, wọ́n ń pè é ní acarajé níbẹ̀. Ní ọdún 2005, ìjọba Bùràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń dín in tà sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà. Mo fẹ́ràn pé iṣẹ́ àwọn obìnrin náà ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe iye ẹ̀wà.

Mo ti béèrè lọ́wọ́ ara mi bóyá ó yẹ kí n kàn jẹ́ kí ìyá mi máa sè é, kí èmi máa jẹ ẹ́, kí n yé kọ nǹkan sílẹ̀. Ìtàn kan láti ọ̀dọ̀ àwọn Júù ló yí mi lọ́kàn padà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Násì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ Júù sí àgọ́ Theresienstadt, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tsẹ́ẹ̀kì lónìí. Ebi ń pa wọ́n kú níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn obìnrin kan ń sọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ilé wọn fún ara wọn, wọ́n sì ń kọ ọ́ sórí ìwé jákujàku: àkàrà òyìnbó, ẹran gọ́ọ̀sì, oúnjẹ ọdún. Mina Pächter wà lára wọn. Kí ó tó kú síbẹ̀ ní ọdún 1944, ó fi ìwé náà lé ọ̀rẹ́ kan lọ́wọ́ pé kó bá òun fún ọmọ òun obìnrin. Ọdún 1969 ni ìwé náà tó tẹ ọmọ náà lọ́wọ́ ní New York. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1996. In Memory's Kitchen ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Nǹkan kan wà nínú ìwé yẹn tó mú mi rántí ìyá mi. Àwọn ìlànà kan nínú rẹ̀ kò pé. Ẹ̀ẹ̀kan, ohun èèlò kan á sọnù. Ẹ̀ẹ̀kan, ìgbésẹ̀ kan kò sí. Ebi àti ìyà wà nídìí èyí, ṣùgbọ́n mo rò pé ohun mìíràn náà wà níbẹ̀: fún ẹni tó ti dúró rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ nídìí iná, “èyí tó bá tó” ti tó. Àwa tí a kò dúró níbẹ̀ ni ìwé kò lè tó fún.

Àwọn Júù tún ní àṣà kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ní alẹ́ ọdún Ìrékọjá, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì aláìwú àti ewé kíkorò láti rántí oko ẹrú Íjíbítì. Ọmọ tó kéré jù lọ nílé ló sábà máa ń béèrè ìbéèrè mẹ́rin nípa ìdí tí alẹ́ náà fi yàtọ̀, kí àwọn àgbà tó máa sọ ìtàn. Wọn kì í dúró kí ọmọ fúnra rẹ̀ rántí láti béèrè. Wọ́n ti fi í sínú ètò. Àwa Yorùbá kò ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ yín ló kù sí.

Bí ẹ bá fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àgbà kan, ìyá yín tàbí ìyá ọ̀rẹ́ yín, ẹ má mú bírò jáde lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn bí ẹ bá jẹ́ obìnrin, ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin. Bí ilé ìdáná bá há jù, ẹ tẹ̀ ba díẹ̀, wọ́n á yé e yín. Ẹ pè wọ́n ní Mà tàbí Màmá. Bí wọn kò bá tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀, Àǹtí ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá iṣẹ́ ṣe: “Ẹ jẹ́ kí n bá yín bó ẹ̀wà, mà.” Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń jẹ́ kí ẹnu sọ̀rọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá ti wọra, ẹ béèrè pé, “Ta ló kọ́ yín, mà?” Kí ẹ tó béèrè mélòó, ẹ kọ́kọ́ béèrè ta ni, níbo, àti nígbà wo.

Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Oṣù tó kọjá, a rí ewé eéran tó dára rà. Ìyá mi bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá a ti ṣan ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà wọ́n gbàgbé iyọ̀. Wọn kì í gbàgbé iyọ̀ rí. Mo wo ìwé tí mo kọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí iye rẹ̀ níbẹ̀, mo sì bù ú sí i nígbà tí wọ́n kọjú sí fèrèsé, tí wọ́n ń wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ. N kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tó di pé ká pọ́n ọn, wọ́n jókòó. Ọwọ́ wọn ò wá nǹkan kan tì. Ewé méjì, wọ́n ká a, wọ́n ṣẹ́ ẹ, wọ́n bu ẹ̀wà sí i, wọ́n pa á dé, ojú wọn sì wà lórí ohun tí èmi ń ṣe. Tèmi ti ń kán sórí tábìlì.

Wọ́n ní, “Ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ń jò.”